Fáwẹ́lì Kì Í Yí Padà Lásán: Àríwísí Lórí Ọ̀rọ̀ "Mímọ́" àti Orúkọ Ámónì

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò jìnnà sí òwe náà, nítorí pé àwọn kan ti sọ èdè wa di ọmọ ilé kan láì kọ́kọ́ wo ilé náà dáadáa. Àwa fúnra wa wà lára wọn. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí a di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní agbègbè Tchaourou, a kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó pé ọ̀rọ̀ Yorùbá náà, mímọ́, wá láti ara orúkọ Ámónì, òrìṣà àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Inú àwọn ọmọ dùn, inú tiwa náà sì dùn. Ọmọ tí wọ́n ti ń sọ fún láti kékeré pé èdè ilé rẹ̀ kì í ṣe èdè ìwé, kì í gbàgbé ọjọ́ tó gbọ́ pé èdè náà bá àwọn tó kọ́ pírámíìdì tan.

Gbólóhùn náà kì í ṣe ohun tí a dá sọ fúnra wa. J. Olumide Lucas, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní ìlú Èkó, ló gbé e kalẹ̀ nínú ìwé rẹ̀, The Religion of the Yorubas, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1948. Ó to orúkọ àwọn òrìṣà Íjíbítì lẹ́sẹẹsẹ, ó ní àwọn baba ńlá wa mọ̀ wọ́n nígbà kan rí, ó sì ní ó jọ pé láti ara Ámónì ni mọ́ àti mímọ́ ti wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Cheikh Anta Diop, ọmọ ilẹ̀ Senegal, gbé ẹ̀rí Lucas wọ inú Nations nègres et culture, tí ilé ìtẹ̀wé Présence Africaine tẹ̀ jáde ní Paris ní 1954. Ibẹ̀ ni àwa tí a fi èdè Faransé kàwé ti pàdé rẹ̀. Kí Lucas tó kọ ìwé tirẹ̀ pàápàá, Samuel Johnson ti wí nínú The History of the Yorubas, tó jáde ní 1921, pé láti apá òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ni àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá. Èrò náà ti pẹ́ nílẹ̀, àwọn ẹni ńlá sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń bú àwọn àgbà wọ̀nyí. Ní àkókò tí Lucas kọ ìwé rẹ̀, àwọn aláṣẹ òyìnbó kò ka ìsìn àti ìtàn wa sí nǹkan kan. Ẹni tó jókòó ní Èkó nígbà náà, tó fi ọ̀pọ̀ ojú ìwé ṣe àlàyé òrìṣà, ẹbọ àti ìgbàgbọ́ Yorùbá gẹ́gẹ́ bí ohun tó yẹ kí ọ̀mọ̀wé ṣe ìwádìí lé lórí, ó ṣe iṣẹ́ akọni. Diop náà ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ fún gbogbo Áfíríkà. Ohun tí a ń ṣe àríwísí rẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí Lucas gbà fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀: pé kí ọ̀rọ̀ méjì ṣáà ti jọra létí, kí a sì jẹ́ kí fáwẹ́lì inú wọn máa yí bó ti wù ú.

Ọmọbìnrin kan ní kíláàsì première ló kọ́kọ́ fi hàn wá pé ọ̀nà náà kò dára. Ó ti lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè Faransé ní yàrá ìkàwé, ó padà wá, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Látìnì náà bá wa tan ni?" A béèrè ìdí. Ó ní òun rí i pé immonde túmọ̀ sí ohun ẹlẹ́gbin, pé émonder jẹ́ kí a gé ẹ̀ka igi kúrò kí ara igi lè mọ́, àti pé láti ara ọ̀rọ̀ Látìnì náà, mundus, tó túmọ̀ sí ohun tó mọ́ tónítóní, ni méjèèjì ti wá. "Mond, mọ́," ni ó wí, "ohùn ẹnu kan náà, ìtumọ̀ kan náà."

A kò rí èsì fọ̀ lọ́jọ́ náà. Òtítọ́ ni ọmọ náà sọ. Bí ó bá jẹ́ pé ìjọra létí ni ẹ̀rí, ẹ̀rí tirẹ̀ lágbára ju ti Lucas lọ fíìfíì. Orúkọ Ámónì, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ èdè Íjíbítì ti wí, bá ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "fara pa mọ́" mu. Kò sí "mọ́ tónítóní" nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mundus bá mọ́ mu ní kọ́ńsónáǹtì, ó bá a mu ní fáwẹ́lì tí a fi imú pè, ó sì bá a mu ní ìtumọ̀. Síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa dìde láàárín wa láti wí pé Róòmù ni àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ ti ṣí wá. Ó hàn gbangba nígbà náà pé kì í ṣe ẹ̀rí ni ó mú wa gba Ámónì gbọ́. Ìfẹ́ ọkàn wa ló mú wa gbà á. Íjíbítì wù wá, Róòmù kò wù wá.

Kí ló yẹ kí a máa béèrè, tí ìjọra létí kò bá tó? Ìdáhùn wa ni pé òfin ni ó yẹ kí a béèrè. Fáwẹ́lì ń yí padà nínú gbogbo èdè ayé, ṣùgbọ́n kì í yí padà lásán. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe rò ni a ti rí èrò. Láti ara tò ni a ti rí ètò. Ṣùgbọ́n kọ́ fún wa ní ẹ̀kọ́, bẹ̀ fún wa ní ẹ̀bẹ̀, rọ sì fún wa ní ẹ̀rọ. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe: ó ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di ọ̀rọ̀-orúkọ. Kí ló dé tó fi jẹ́ e níhìn-ín, tó sì jẹ́ ẹ lọ́hùn-ún? Fáwẹ́lì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló pàṣẹ. Bí fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe bá jẹ́ e tàbí o, àfòmọ́ a jẹ́ e. Bí ó bá jẹ́ ẹ tàbí ọ, àfòmọ́ a jẹ́ ẹ. Fáwẹ́lì a náà ń bá ẹgbẹ́ ẹ àti ọ rìn: láti ara dá ni ẹ̀dá ti wá, láti ara san ni ẹ̀san, láti ara tàn ni ẹ̀tàn. Àwọn onímọ̀ ń pe èyí ní àǹkóò fáwẹ́lì, orúkọ náà sì bá a mu. Bí ẹbí ṣe ń ra aṣọ kan náà fún òde, bẹ́ẹ̀ ni fáwẹ́lì inú ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ aṣọ ẹgbẹ́. Fáwẹ́lì i àti u nìkan ni kò fi dandan mú ẹni tó wà níwájú wọn: ebi wà, ẹ̀bi náà wà.

Ẹ tún wo oní. Ẹni tó ní epo ni elépo, ẹni tó ní ẹja ni ẹlẹ́ja, ẹni tó ní omi ni olómi, ẹni tó ní ọkọ̀ ni ọlọ́kọ̀, ẹni tó ní aṣọ sì ni aláṣọ. Ìyá tó ń ta ọjà lẹ́bàá ọ̀nà Parakou kò kẹ́kọ̀ọ́ gírámà, ṣùgbọ́n kò jẹ́ ṣèèṣì sọ pé "ọlẹ́po" tàbí "alómi". Fáwẹ́lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kejì ń gba ipò, ó sì ń sọ fáwẹ́lì oní di irú ara rẹ̀. Bí a bá gbé ọ̀rọ̀ tuntun wọlé lónìí, òfin náà yóò mú un: ẹni tó ń ta áyìsì ni aláyìsì. Ìyẹn ni àmì òfin tòótọ́. Kì í ṣiṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ tó wù wá nìkan. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀rọ̀ tí a kò tíì gbọ́ rí.

Ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí wọ́n mú èdè Jámánì ní ilé ẹ̀kọ́ mọ Gast, àlejò kan, àti Gäste, àlejò púpọ̀. Fuß, ẹsẹ̀ kan, àti Füße, ẹsẹ̀ púpọ̀. Gbogbo wa ni a kọ́ foot àti feet ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ a máa ní kí ọmọ ṣáà há a sórí. Ṣùgbọ́n òfin wà ńbẹ̀. Ní èdè Jámánì àtijọ́, gast ni a ń pe àlejò kan, gesti sì ni púpọ̀. Fáwẹ́lì i tó wà ní ìparí ọ̀rọ̀ ló fa a tó wà níwájú sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì di e. Bákan náà ni ó rí fún baba ńlá feet: i kan wà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà kan rí. Nígbà tó yá, i náà rẹ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó sì parẹ́, ṣùgbọ́n fáwẹ́lì tó ti fà kò padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Ẹni tó fa okùn ti kú. Ohun tó fà ṣì dúró síbi tó fà á dé.

Ẹ kíyè sí i pé láti ẹ̀yìn wá sí iwájú ni agbára náà ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí kọ́ ṣe ń pàṣẹ fún ẹ̀ inú ẹ̀kọ́. Ṣé èyí sọ Yorùbá di ẹbí Jámánì? Rárá o. Ahọ́n ènìyàn kan náà ni gbogbo ayé ní, iṣẹ́ tó lè ṣe sì lóǹkà. Èdè méjì lè hu ìwà kan náà láì jẹ́ ọmọ ìyá, bí àgbẹ̀ méjì tí wọn kò mọra ṣe lè máa kọ ebè bákan náà.

Faransé náà kò yàtọ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa a máa ráhùn pé je meurs di nous mourons, je peux di nous pouvons, je viens di nous venons. Wọ́n rò pé àwọn Faransé kàn fẹ́ ni wọ́n lára ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nínú Látìnì tó bí Faransé, ohùn ẹnu máa ń le lórí sílébù kan nínú ọ̀rọ̀. Níbi tí ohùn bá ti le lórí o inú ọ̀rọ̀-ìṣe bẹ́ẹ̀, o náà di eu. Níbi tí ohùn bá ti kọjá lọ sórí sílébù ìparí, ó di ou. Ìdí nìyẹn tí meurs àti mourons fi jẹ́ ọmọ bàbá kan náà. Òfin yìí kan náà ló mú kí a máa rí mer lẹ́gbẹ̀ẹ́ marin, sel lẹ́gbẹ̀ẹ́ saler: a tí ohùn le lórí di e, a tí ohùn kò le lórí dúró bó ti wà. Àní nínú Faransé òde òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ẹ pe aime, tí wọ́n sì ń fi e pe ìbẹ̀rẹ̀ aimer, nítorí é tó wà ní ìparí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ èyí yẹ kó rẹ́rìn-ín músẹ́: àǹkóò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ ìtàn kan tó fi bí òfin fáwẹ́lì ṣe lágbára tó hàn. Ní 1878, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Switzerland kan, Ferdinand de Saussure, ẹni ọdún 21 péré, parí ìwé kan ní ìlú Leipzig lórí fáwẹ́lì àwọn èdè bíi Gíríìkì, Látìnì àti Sáńsíkírítì. Ó wo bí fáwẹ́lì ṣe ń yí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó bára tan, ó rí ibi tí ìṣirò kò ti pé, ó sì wí pé àwọn ìró kan ti ní láti wà nígbà kan rí tí wọ́n parẹ́ kúrò nínú gbogbo àwọn èdè tí òun mọ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ ìró náà rí. Saussure kú ní 1913. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a tó mọ bí a ṣe ń ka èdè Hítì, tí a kọ sára àwọn wàláà amọ̀ tí a hú jáde ní ilẹ̀ Tọ́kì. Ní 1927, Jerzy Kuryłowicz, ọmọ ilẹ̀ Pólándì, fi hàn pé ìró kan wà nínú èdè Hítì ní àwọn ibi tí ìṣirò Saussure ti béèrè fún un. Òfin tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè tọ́ka sí ohun tí ojú kò tíì rí.

Pẹ̀lú òṣùwọ̀n yìí ni ó yẹ kí a padà sọ́dọ̀ Ámónì. Ìbéèrè àkọ́kọ́: fáwẹ́lì wo ló wà nínú orúkọ náà? Ìkọ̀wé alàwòrán ti Íjíbítì kì í kọ fáwẹ́lì sílẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ló ń kọ. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé bá rí n, f, r, wọn a ki e bọ àárín wọn, wọn a pè é ní nefer, kí ó ṣáà lè ṣeé pè. E náà kì í ṣe ti àwọn ará Íjíbítì. Ti àwọn tó ń kàwé wọn ni. Nítorí náà, ẹni tó bá mú ọ̀rọ̀ Íjíbítì láti inú ìwé òyìnbó, tó sì ń fi fáwẹ́lì rẹ̀ wé ti Yorùbá, ó lè jẹ́ pé ọwọ́ akọ̀wé kan ní Yúróòpù ni ó ń fi wé ẹnu ìyá rẹ̀.

Ní ti Ámónì, a ní oríire díẹ̀. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ọba Íjíbítì ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọba ilẹ̀ òkèèrè, àwọn náà sì ń kọ sí wọn, ní èdè tí a ń kọ sára amọ̀, tó sì ń fi fáwẹ́lì hàn. Nínú àwọn lẹ́tà tí a rí ní Amarna, Amana ni orúkọ òrìṣà náà, pẹ̀lú a gígùn ní àárín. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, nígbà tí àwọn Kristẹni Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ sí fi lẹ́tà Gíríìkì kọ èdè wọn, Amoun ni ó dà, ìyẹn Ámúnù. Ẹnu àwọn Gíríìkì ni ó ti di Ámónì. Fáwẹ́lì orúkọ náà yí padà ní Íjíbítì fúnra rẹ̀, òfin ló sì tẹ̀ lé, nítorí pé a gígùn bẹ́ẹ̀ yí padà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú èdè náà.

Ìbéèrè wá dé. Èwo nínú wọn ni ó bí mọ́? Bí ó bá jẹ́ láyé àtijọ́ ni àwọn baba ńlá wa gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní Íjíbítì, a ni wọ́n gbé. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn náà, u ni. Ọ̀ tó jọ tiwa, ọ̀dọ̀ Gíríìkì ló wà. Ẹnì kan lè wí pé a ti di ọ lẹ́nu Yorùbá. Ó dára bẹ́ẹ̀: kí ó mú ọ̀rọ̀ márùn-ún mìíràn wá láti Íjíbítì tí a inú wọn di ọ lẹ́nu wa, kí ó sì ṣàlàyé ìdí tí aṣọ, ara àti adé kò fi di ọ pẹ̀lú. Lucas kò ṣe èyí. Nínú ìfiwéra yìí, fáwẹ́lì ń ṣe bó ti wù ú.

Ìbéèrè kejì: ṣé mímọ́ nílò bàbá láti òkèèrè? Lílọ wá láti ara lọ, jíjẹ láti ara jẹ, rírà láti ara rà, mímu láti ara mu. À ń ṣe àpètúnpè kọ́ńsónáǹtì ọ̀rọ̀-ìṣe, à ń fi í olóhùn òkè tẹ̀ lé e, fáwẹ́lì yòówù kí ọ̀rọ̀-ìṣe náà ní. Mímọ́ wá láti ara mọ́ ní ọ̀nà kan náà gẹ́lẹ́. Mọ́ fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé òrìṣà. Aṣọ tí a fọ̀ a máa mọ́, omi a máa mọ́, ilẹ̀ a máa mọ́ lójoojúmọ́ láì dúró de àlùfáà kankan. Ohun tí kò ní ẹ̀gbin ni a kọ́kọ́ ń pè bẹ́ẹ̀, kí a tó wí pé ohun tí a yà sọ́tọ̀ fún Ọlọ́run náà mọ́. Ọ̀nà ìtumọ̀ náà tọ́, a sì lè tọ̀ ọ́ láti inú ilé wa láì fi ẹsẹ̀ kan Íjíbítì.

Ìbéèrè kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń lọ sí ilé kéwú mọ̀ pé ní èdè Lárúbáwá, kitāb ni ìwé, kutub ni àwọn ìwé, kātib sì ni akọ̀wé. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta, k, t, b, ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Fáwẹ́lì ń wọlé, ó ń jáde, ìtumọ̀ gbòǹgbò kò sì sọnù. Èdè Íjíbítì àtijọ́ bá Lárúbáwá àti Hausa wà nínú ẹbí ńlá kan, ó sì ní irú ìwà yìí. Ìdí nìyẹn tí ìkọ̀wé láìsí fáwẹ́lì fi lè tó wọn lò. Ṣùgbọ́n ẹ yọ fáwẹ́lì kúrò nínú ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá, kí ẹ wo ohun tó kù. Bá, bẹ̀, bí, bò, bọ́, bù: b nìkan ló kù lọ́wọ́ yín. Nínú èdè wa, fáwẹ́lì àti ohùn rẹ̀ wà lára gbòǹgbò. Kọ́ńsónáǹtì 18 péré ni Yorùbá àjùmọ̀lò ní. Ẹni tó bá ní kí fáwẹ́lì máa yí bó ti wù ú, ó ti kó gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tí a ní sínú agbọ̀n 18. Pẹ̀lú irú agbọ̀n bẹ́ẹ̀, kò sí èdè kan láyé tí a kò lè mú bá wa tan.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò bi wá pé: ṣé ẹ fẹ́ já Áfíríkà kúrò lára Íjíbítì gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó kan ti ṣe ni? Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ni Íjíbítì wà, ìtàn rẹ̀ sì jẹ́ apá kan ìtàn ilẹ̀ wa. Ní ìpàdé tí UNESCO pè ní Cairo ní 1974, Diop àti Théophile Obenga dúró ṣinṣin lórí ìyẹn, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n Obenga gan-an a máa tẹnu mọ́ ọn pé ìbátan èdè kò lè dúró lórí ìjọra ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìbáramu tó ń lọ déédéé ni ó lè gbé e ró. Bóyá òun fúnra rẹ̀ ti rí ìbáramu náà, àríyànjiyàn ṣì wà láàárín àwọn onímọ̀. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn ni pé òṣùwọ̀n tó gbé kalẹ̀ kò gba mímọ́ àti Ámónì wọlé.

Bí a bá sì fẹ́ mọ bí ìbátan tòótọ́ ṣe rí, kò yẹ kí a rìn jìnnà. Ẹni tó ń sọ Yorùbá àjùmọ̀lò ń wí pé orúkọ, èlùbọ́. Ará Ilé-Ifẹ̀ ń wí pé ọrúkọ, ẹ̀lùbọ́. Kì í ṣe pé ẹnì kan nínú wọn ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Fún ti àkọ́kọ́, u tó wà ní àárín ń ṣe bí ògiri, àǹkóò kò lè kọjá rẹ̀. Fún ti Ifẹ̀, u náà ń ṣe bí ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, àǹkóò ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ bá fáwẹ́lì iwájú. Bákan náà ni ará Èkìtì ṣe ń pe ilé ní ulé, tó ń pe ìlú ní ùlú, nígbà tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gba kí u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rárá. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà ní ìlànà, ìlànà náà ló sì jẹ́rìí pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìjọra tí kò ní ìlànà kò tó ìyàtọ̀ tó ní ìlànà.

Níhìn-ín ni a ti rí ẹ̀bi tó kan gbogbo wa, yálà a ń kọ ẹ àti ọ gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Nàìjíríà, tàbí ɛ àti ɔ gẹ́gẹ́ bí ìlànà ìkọ̀wé àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀pọ̀ wa kì í kọ ọ̀kan nínú méjèèjì. A ń kọ "eko" sára ògiri àti sínú ìwé ìpè, kí òǹkàwé máa wádìí bóyá ẹ̀kọ́ ni, tàbí ẹ̀kọ mímu, tàbí Èkó. Ẹni tó bá ń kọ èdè rẹ̀ báyìí kò lè rí àǹkóò, nítorí pé ó ti bọ́ aṣọ náà kúrò lára ọ̀rọ̀. Lójú tirẹ̀, fáwẹ́lì kò ní iṣẹ́ kan. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ó ń gbà gbọ́ kíákíá bí ẹnì kan bá sọ fún un pé a lè di o, pé o lè di u, pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé ìbéèrè ọmọbìnrin náà, a padà sí kíláàsì, a sì sọ fún àwọn ọmọ pé ohun tí a kọ́ wọn kò dúró. Ó nira láti sọ. Àwọn kan bojú jẹ́, bí ẹni tí a gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. A wá ní kí wọ́n sọ fún wa ìdí tí a fi ń wí pé elépo, tí a kì í wí pé ọlẹ́po. Kíláàsì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí dìde, nítorí pé gbogbo wọn mọ òfin náà láì mọ̀ pé àwọn mọ̀ ọ́n. Kí agogo tó lù, wọ́n ti kọ ọ́ jáde fúnra wọn. Kò sí Íjíbítì nínú rẹ̀, kò sí Róòmù, síbẹ̀ ojú wọn tún là.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bẹ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ, èlùbọ́, òdìdẹ, ilé àti ìlú, ní Tchaourou, ní Kilibo, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Ìdáàṣà, ní Bantè, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí wa Ifẹ̀ ní Atakpamé ní ilẹ̀ Togo. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, ẹ má ṣe yọ ọ̀kankan sílẹ̀, kódà èyí tí kò bá ìrètí yín mu. Èyí tí kò bá ìrètí mu gan-an ni ó máa ń kọ́ni ní òfin. Bí a bá kó ogún ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jọ, a ó mọ̀ nípa baba ńlá wa ju ohun tí orúkọ òrìṣà kan láti etí odò Náílì lè sọ fún wa lọ. Ilé tí ó yẹ kí a wò kí a tó sọ èdè wa lórúkọ, àwa ni a ń gbé inú rẹ̀.